Àwọn Tó Jókòó Sílé: Bí Ìbò Ààrẹ Ṣe Yí Padà ní Káúńtì Elliott

Láàárín àwọn òkè tó wà ní ìlà-oòrùn ìpínlẹ̀ Kentucky, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, àgbègbè kékeré kan wà tó ń jẹ́ Elliott. Káúńtì ni wọ́n ń pe irú àgbègbè bẹ́ẹ̀ lọ́hùn-ún, ó sì fara jọ ìjọba ìbílẹ̀ tiwa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo àwọn tó ń gbé ní Elliott, tí iye wọn lé díẹ̀ ní 7,300 nígbà ìkànìyàn ọdún 2020, kò tó èèyàn wọ́ọ̀dù kan ṣoṣo nínú ìgboro Ìbàdàn. Láti ọdún 1872 tí àwọn ará ibẹ̀ ti kọ́kọ́ dìbò ààrẹ títí dé ọdún 2012, ẹgbẹ́ Democrat ló ń borí níbẹ̀, ìgbà 36 léraléra, kò sì sí káúńtì mìíràn ní gbogbo Amẹ́ríkà tó dúró ti ẹgbẹ́ yẹn pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2016, Donald Trump ti ẹgbẹ́ Republican gba ìdá 70 nínú 100 ìbò tí wọ́n dì ní Elliott, láti ìgbà náà wá ni káúńtì ọ̀hún sì ti wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ nínú ìdìbò ààrẹ.

Ìbàdàn ni mo ti ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, níbi tí àríyànjiyàn ti máa ń gba ìdí àwọn tó ń ta ìwé ìròyìn kan lẹ́yìn ìdìbò ààrẹ kọ̀ọ̀kan, láti Dùgbẹ̀ dé Mọ́kọ́lá. Bí ẹgbẹ́ tó borí ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn bá fìdí rẹmi, àlàyé tí ẹ ó máa gbọ́ kì í ju méjì lọ: wọ́n ní wọ́n ti fi owó ra àwọn aráàlú, tàbí kí wọ́n ní àwọn aráàlú ti dalẹ̀ ẹgbẹ́. Èmi kò sọ pé owó kì í ṣiṣẹ́ níbi ìdìbò, gbogbo wa la mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́. Ohun tí mo fẹ́ fi ìtàn Elliott fi hàn ni pé ìyípadà tó dà bí ẹni pé ọjọ́ kan ṣoṣo ló ṣẹlẹ̀ ti máa ń wà lójú ọ̀nà fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ojú wa tó tó o, àti pé ibi tó máa ń gbà kọjá ni ibi tí a kì í wò rárá, ìyẹn ilé àwọn olùdìbò tí kò jáde.

Kí a tó dé orí iye ìbò, ó yẹ kí a mọ bí ẹgbẹ́ Democrat ṣe fìdí múlẹ̀ ní Elliott. Ogun Abẹ́lé Amẹ́ríkà parí ní ọdún 1865, ọdún mẹ́rin lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n gé ilẹ̀ lára àwọn káúńtì Morgan, Carter àti Lawrence láti fi dá Elliott sílẹ̀, tí ìlú kékeré tó ń jẹ́ Sandy Hook sì di olú ibẹ̀. Kentucky kò bá àwọn ìpínlẹ̀ Gúúsù tó ya kúrò lára Amẹ́ríkà lọ, síbẹ̀ ọkàn ọ̀pọ̀ ará ibẹ̀ wà lọ́dọ̀ wọn, ibi tí ọkàn ìlú kọ̀ọ̀kan sì wà nígbà ogun ló di ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀ lẹ́yìn ogun. Àwọn àgbègbè òkè tó dúró ti Ààrẹ Lincoln, Republican tó ń darí Amẹ́ríkà nígbà ogun náà, di ti Republican, débi pé káúńtì Jackson, tó wà nínú ìpínlẹ̀ Kentucky kan náà, kò tíì jẹ́ kí Democrat kankan borí níbẹ̀ fún ipò ààrẹ láti ìgbà ogun náà títí di òní. Elliott gba ọ̀nà kejì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣàkíyèsí pé àwọn káúńtì méjèèjì yìí jọ ara wọn ní gbogbo ọ̀nà tí àwọn oníròyìn fi ń ṣàpèjúwe ìgbèríko Amẹ́ríkà: àgbẹ̀ ni wọ́n, òkè ló yí wọn ká, owó kò pọ̀ lọ́wọ́ wọn, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé aláwọ̀ funfun ni gbogbo wọn. Síbẹ̀, fún ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, ìbò wọn kò pàdé. Nítorí náà, nígbà tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi pé báyìí ni àwọn ará oko ṣe máa ń dìbò, mo máa ń bi í pé ará oko wo.

Kò yẹ kí ẹgbẹ́ àjogúnbá ya ọmọ Ìbàdàn lẹ́nu. Àwọn àgbà wa ṣì ń sọ̀rọ̀ ilé tó jẹ́ ti Alákùkọ (NCNC) àti ilé tó jẹ́ ti Ọlọ́pẹ (Action Group), àwọn tó sì tẹ̀ lé Adégòkè Adélabú nínú Màbọ̀lájẹ́, ẹgbẹ́ Ìbàdàn tó bá Alákùkọ ṣe, kò kó ìbò wọn lọ fún Ọlọ́pẹ ní ọjọ́ tó kú lójijì ní ọdún 1958. Ọmọ bá ẹgbẹ́ nílé gẹ́gẹ́ bó ṣe bá oríkì nílé ni. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí àgbẹ̀ kan ní Sandy Hook fi ń dìbò fún Democrat ní ọdún 1950, kó má ṣe wá a nínú ìwé ètò ẹgbẹ́ náà nìkan, kó béèrè ẹgbẹ́ tí bàbá rẹ̀ àti bàbá bàbá rẹ̀ wà.

Àmọ́ ogún nìkan kì í mú ẹgbẹ́ dúró fún ọgọ́rùn-ún ọdún, bí kò bá sí ohun tí ẹgbẹ́ náà ń ṣe fún àwọn tó jogún rẹ̀. Ní àwọn ọdún 1930, nígbà tí ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà dẹnu kọlẹ̀, ìjọba Franklin Roosevelt, tó jẹ́ Democrat, gbé iṣẹ́ wá sí àwọn òkè Kentucky, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ná owó sórí bí iná mànàmáná ṣe máa dé abúlé. Láti ọdún 1938, òfin àpapọ̀ ti ń sọ iye tábà tí àgbẹ̀ kọ̀ọ̀kan lè gbìn fún títà, kí iye owó rẹ̀ má baà já wálẹ̀. Àwọn tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń gbin tábà ní agbègbè Ìṣẹ́yìn yóò mọ̀ pé iṣẹ́ ọwọ́ ni, iṣẹ́ àṣekára ni, àti pé bí owó rẹ̀ bá dúró dáadáa, ilẹ̀ kékeré lè fi bọ́ ìdílé. Ohun tí òfin yẹn ṣe fún àwọn àgbẹ̀ kéékèèké ní Kentucky nìyẹn. Ní oṣù Kìíní ọdún 1964, Lyndon Johnson, òun náà jẹ́ Democrat, kéde pé òun máa gbógun ti òṣì, nígbà tó sì di oṣù Kẹrin, ó lọ sí ilé aláìrówó kan nítòsí Inez ní káúńtì Martin, ní apá ìlà-oòrùn Kentucky yìí kan náà. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n fi òfin gbé ètò ìtọ́jú ìlera kalẹ̀ fún àwọn arúgbó àti àwọn aláìní.

Ìdìbò méjì ló fi hàn mí bí gbòǹgbò náà ṣe lágbára tó. Ní ọdún 1972, Richard Nixon borí ní ìpínlẹ̀ 49 nínú 50, ní ọdún 1984, Ronald Reagan ṣe bákan náà, Kentucky sì wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tó tẹ̀ lé wọn lẹ́ẹ̀mejèèjì. Elliott kò tẹ̀ lé wọn. George McGovern àti Walter Mondale, àwọn méjì tí ẹ̀yìn wọn balẹ̀ káàkiri Amẹ́ríkà, ló borí ní Sandy Hook. Lẹ́yìn tí Bill Clinton borí ní Kentucky ní ọdún 1992 àti 1996, ìpínlẹ̀ náà kò tún dìbò fún Democrat kankan fún ipò ààrẹ mọ́ láti ọdún 2000, Elliott sì tún dúró ti ẹgbẹ́ náà fún ọdún méjìlá sí i, bí ọ̀pọ̀ àwọn aládùúgbò rẹ̀ ṣe ń lọ.

Ibi tí mo fẹ́ kí a fara balẹ̀ dé nìyí. Ní ọdún 2004, John Kerry ti Democrat ní ìbò 2,064 ní Elliott, George W. Bush sì ní 871. Ìdá 70 nínú 100 ni ti Kerry, ẹni tó bá wo ìwọ̀nyẹn nìkan yóò sọ pé kò sí ohun tó ń ṣe ẹgbẹ́ náà. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn rẹ̀, Barack Obama ní 1,535, John McCain sì ní 902. Ìdá 61 ṣì jẹ́ ìṣẹ́gun tó dára, ìwé ìròyìn kankan kò sì ní ìdí láti kọ̀wé nípa rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀: ìbò 529 ló já bọ́ lára ti Democrat láàárín ọdún mẹ́rin, nígbà tí ti Republican fi 31 péré lé sí i. Níbo ni ìyókù lọ? Wọn kò lọ sọ́dọ̀ McCain. Àpapọ̀ ìbò tí wọ́n dì ní káúńtì náà ló já wálẹ̀ láti bí 2,950 sí bí 2,500, nínú ìdìbò tí gbogbo ayé ń sọ pé àwọn èèyàn Amẹ́ríkà tú jáde fún. Ilé ni wọ́n jókòó sí.

Ní ọdún 2012, Obama ní 1,186, Mitt Romney ní 1,126, ìbò 60 péré ló sì wà láàárín wọn. Democrat pàdánù 349 sí i, Republican sì jèrè 224, àpapọ̀ ìbò tún wálẹ̀ sí 2,400. Ẹgbẹ́ Democrat ló borí, àkọsílẹ̀ tó ti wà láti ọdún 1872 kò tíì já, ṣùgbọ́n láàárín ọdún mẹ́jọ, ìbò tó lé ní ogójì nínú ọgọ́rùn-ún ìbò tí Kerry ní ti pòórá. Ẹni tó bá ń wo àwòrán ilẹ̀ tí wọ́n fi àwọ̀ búlúù kùn fún Democrat, pupa fún Republican, lórí tẹlifíṣọ̀n kò lè rí i, nítorí àwọ̀ búlúù ni Elliott ṣì jẹ́.

Lẹ́yìn náà ni ọdún 2016 dé. Trump ní 2,000, Hillary Clinton ní 740. Republican fi 874 lé ti tẹ́lẹ̀, ti Democrat dín 446, àpapọ̀ ìbò sì gòkè padà sí bí 2,850. Bí gbogbo àwọn 446 yẹn bá tilẹ̀ kọjá lọ tààrà sọ́dọ̀ Trump, èyí tí kò dájú, ó ṣì ku ìbò tó lé ní 400 tí kò ti ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni tó dìbò fún Obama wá. Àwọn kan nínú wọn jẹ́ ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tó dìbò, àwọn kan ń dìbò fún ìgbà àkọ́kọ́ nínú ayé wọn. Ní ti iye, kò sóhun tó bá ọ̀rọ̀ náà mu tó pé kí apá kan nínú àwọn tó jókòó sílé ní ọdún 2008 àti 2012 ti jáde padà, kí wọ́n sì gba ẹnu ọ̀nà kejì wọlé. Ní ọdún 2020, Trump ní 2,246, Joe Biden ní 712, ìyẹn ni pé ti Democrat kò fi bẹ́ẹ̀ dín mọ́. Ó jọ pé àwọn tó ṣẹ́kù ni àwọn tí kò ní lọ síbì kankan.

Ohun kan wà tí mo gbọ́dọ̀ yà sọ níhìn-ín nítorí àwọn tó fẹ́ràn láti fi iye èèyàn pín iye ìbò. Láàárín ọdún 2000 àti 2010, iye èèyàn Elliott gòkè láti 6,748 sí 7,852, ẹnì kan sì lè rò pé àjèjì ló wọ̀lú tó yí ìbò padà. Ọgbà ẹ̀wọ̀n ńlá kan ni ìjọba ìpínlẹ̀ ṣí síbẹ̀ ní ọdún 2005, àwọn ẹlẹ́wọ̀n sì wà lára àwọn tí wọ́n kà, bẹ́ẹ̀ wọn kì í dìbò. Àwọn tó ń dìbò ní Elliott ní ọdún 2016 jẹ́ ọmọ ìdílé kan náà tó ń dìbò ní ọdún 2004, ní ọ̀pọ̀ jù lọ.

Kí ló wá lé wọn kúrò? Àwọn kan á yára dáhùn pé Obama jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Èmi kò ní sẹ́ pé ó wà níbẹ̀, nítorí ìbò 529 tó já bọ́ ní ọdún tó kọ́kọ́ jáde kì í ṣe kékeré. Ṣùgbọ́n ìdá 61 nínú 100 ló dìbò fún un níbẹ̀ ní ọdún yẹn, nígbà tí ẹgbẹ́ náà sì fa obìnrin aláwọ̀ funfun kalẹ̀, ìdá 26 péré ló rí. Àlàyé tó bá ọdún kan mu tí kò bá èyí tó tẹ̀ lé e mu kò tíì pé. Ní ọdún 2004 kan náà tí Kerry gba ìdá 70, ìjọba àpapọ̀ fòpin sí òfin tábà ọdún 1938, wọ́n san owó gbà-má-bínú fún àwọn àgbẹ̀, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ kéékèèké ní Kentucky sì fi ọ̀gbìn náà sílẹ̀. Okùn tó so oko mọ́ ẹgbẹ́ fún ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin já nígbà náà. Iṣẹ́ ń tán níbi tí wọ́n ti ń wa èédú ní àwọn káúńtì ìlà-oòrùn, wọ́n sì pa iná ìléru ńlá tí wọ́n fi ń yọ́ irin ní Ashland, tó wà ní apá àríwá ìlà-oòrùn ìpínlẹ̀ náà, ní òpin ọdún 2015. Ní oṣù Kẹta ọdún 2016, Hillary Clinton sọ ní ìpínlẹ̀ Ohio pé ọ̀pọ̀ awakùsà èédú ni àwọn máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ètò láti pèsè iṣẹ́ mìíràn fún wọn ló ń ṣàlàyé, ṣùgbọ́n gbólóhùn àkọ́kọ́ nìkan ló dé Kentucky. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ìbọn, ìṣẹ́yún àti ìgbéyàwó kún un, nínú èyí tí ẹgbẹ́ Democrat ti ń jìnnà díẹ̀díẹ̀ sí ohun tí wọ́n ń wàásù rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì àwọn òkè yẹn.

Èyí tó ń dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ti ìlera. Láti ọdún 2014, gómìnà Kentucky nígbà náà, Steve Beshear, lo òfin tí Obama gbé kalẹ̀ láti mú Medicaid, ètò ìtọ́jú ìlera àwọn aláìní, gbòòrò, ọ̀pọ̀ èèyàn ní àwọn òkè ìlà-oòrùn tí kò lè rí dókítà tẹ́lẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í rí i. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni wọ́n dìbò fún ẹni tó ṣèlérí pé òun máa fagi lé òfin náà. Àwọn kan máa ń fi èyí bú wọn pé wọn kò mọ ohun tó dára fún wọn. Èmi kò lè bá wọn bú wọn. Ẹni tó ti kúrò nínú ẹgbẹ́ lọ́kàn rẹ̀ kì í ka ohun rere tí ẹgbẹ́ náà ṣe lẹ́yìn rẹ̀ sí tirẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ nínú wa níhìn-ín ṣe ń gun ọ̀nà tí ìjọba kan ṣe láìdárúkọ ẹni tó ṣe é.

Kí a má baà rò pé ọ̀rọ̀ aláwọ̀ funfun orí òkè nìkan ni, ẹ jẹ́ kí n mú yín lọ sí Starr, káúńtì kan ní ìpínlẹ̀ Texas, létí odò tó pààlà pẹ̀lú Mẹ́síkò. Èdè Sípéènì ni ọ̀pọ̀ wọn ń sọ nílé, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo wọn ló wá láti ìran àwọn ará Mẹ́síkò. Democrat ló ń borí níbẹ̀ láti ọdún 1896. Obama gba ìdá 86 ní ọdún 2012, Hillary Clinton gba 79, Biden gba 52 ní ọdún 2020, Trump sì gba nǹkan bí ìdá 58 ní ọdún 2024. Ìran yàtọ̀, ẹ̀sìn yàtọ̀, kò sí tábà, kò sí èédú, síbẹ̀ àtẹ̀gùn kan náà ni wọ́n sọ̀ kalẹ̀.

Ní Elliott, àwọn èèyàn náà kò fi gbogbo ẹsẹ̀ kúrò lẹ́ẹ̀kan. Rocky Adkins, ọmọ Sandy Hook, wà nílé aṣòfin ìpínlẹ̀ lábẹ́ ẹgbẹ́ Democrat láti ọdún 1987 títí dé 2019, ọdún tí wọ́n dìbò fún Trump sì bá a níbẹ̀, ó kọjá lára rẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2019, nígbà tí Andy Beshear, ọmọ gómìnà tí mo dárúkọ lókè, ń dupò gómìnà lábẹ́ Democrat, ó borí ní Elliott, ọdún kan péré kí ìdá 75 tó dìbò fún Trump níbẹ̀. Ọdún tí kò bá ti ààrẹ mu ni Kentucky máa ń dìbò gómìnà, nítorí náà olùdìbò lè wo ojú ẹni tó mọ̀ láìsí pé ariwo Washington ń bò ó mọ́lẹ̀. Kódà nínú ìwé orúkọ olùdìbò, níbi tí èèyàn ti máa ń sọ ẹgbẹ́ tó wà, Democrat ló ṣì pọ̀ jù ní gbogbo ìpínlẹ̀ náà títí dé ọdún 2022. Orúkọ máa ń pẹ́ kó tó tẹ̀ lé ọkàn.

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ẹ̀yin tó ń ka èyí ti ń ro Ọ̀yọ́ láti ìgbà tí mo ti ń ka iye ìbò. Èmi náà ti ń rò ó. Ní ọdún 2015, Muhammadu Buhari ti ẹgbẹ́ Onígbálẹ̀ ní ìbò 528,620 ní ìpínlẹ̀ wa, Goodluck Jonathan ti Alábùradà sì ní 303,376. Ní ọdún 2019, Atiku Abubakar ní 366,690, Buhari sì ní 365,229. Ìbò 1,461 ló yà wọ́n, ohun tí gbogbo ìdí ìwé ìròyìn sì ń sọ nígbà náà ni pé àwọn ará Ọ̀yọ́ ti yí sí ẹgbẹ́ Alábùradà. Ẹ jẹ́ kí a tún un kà bí a ṣe ka ti Elliott. Ìbò 163,391 ni Buhari pàdánù, 63,314 ni Alábùradà jèrè. Bí gbogbo èrè yẹn bá tilẹ̀ ti ọ̀dọ̀ Buhari wá, ó ku bí 100,000 ìbò tí kò lọ sọ́dọ̀ Atiku. Àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké mú díẹ̀ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ilé ni apá tó pọ̀ wà.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ní ìdìbò gómìnà, Ṣèyí Mákindé ní 515,621 lábẹ́ Alábùradà kan náà, Adébáyọ̀ Adélabú ti Onígbálẹ̀ sì ní 357,982. Ìbò Onígbálẹ̀ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ yẹ̀ láti ti ààrẹ sí ti gómìnà, ṣùgbọ́n ti Alábùradà fi bí 149,000 ga sí i. Lóòótọ́, àwọn ẹgbẹ́ kan para pọ̀ mọ́ Mákindé kí ọjọ́ ìdìbò tó pé, kò sì yẹ kí a fojú fo ìyẹn. Ní ọdún 2023, ó túbọ̀ hàn gbangba: Bọ́lá Tinúbú ní 449,884, Atiku ní 182,977, nígbà tó sì di oṣù Kẹta, Mákindé ní 563,756, Teslim Fọlárìn ti Onígbálẹ̀ ní 256,685. Àwọn èèyàn kan náà, ẹgbẹ́ kan náà, láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mákindé fúnra rẹ̀ wà lára àwọn gómìnà márùn-ún tí kò gbárùkù ti Atiku, nítorí náà ẹni tó bá pe àwọn olùdìbò náà ní ọ̀dàlẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ fún wa ta ni wọ́n dà.

Mo bá bàbá àgbẹ̀ kan sọ̀rọ̀ lórí èyí, ní ọ̀nà Lálúpọn, ẹni tó ti ń dìbò láti ìgbà Awólọ́wọ̀. Mo bi í pé, “Bàbá, ṣé ẹ ti wá kúrò nínú ẹgbẹ́ yín ni?” Ó ní, “Ọmọ mi, n kò kúrò. Mi ò kàn lè tẹ̀ka fún ẹni tí wọ́n gbé wá yẹn ni, mo bá gba oko mi lọ lọ́jọ́ náà.” Mo ní, “Tó bá di ìdìbò mìíràn ńkọ́, sà?” Ó ní, “Ká ṣì máa wò ó.” Mo ti ka ọ̀pọ̀ ìwé onímọ̀ nípa ìdìbò, n kò sì rí èyí tó ṣàlàyé ọdún 2008 ní Elliott yé mi tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó jogún ẹgbẹ́ kì í fẹ́ dìbò lòdì sí ilé bàbá rẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Jíjókòó sílé kò dun ẹnikẹ́ni, kò sì sí ẹni tó máa bi í léèrè. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti jókòó sílé lẹ́ẹ̀kan tí ayé kò sì parẹ́ ti rí i pé ìdè náà kò le tó bí òun ṣe rò.

Ìyàtọ̀ kan wà tí n kò gbọdọ̀ fi pamọ́. Ní Kentucky, ẹni tó bá borí ní gbogbo ìpínlẹ̀ ló ń kó gbogbo àwọn aṣojú olùdìbò mẹ́jọ tí ìpínlẹ̀ náà ní láti fi yan ààrẹ, torí náà láti ọdún 2000, ìbò ààrẹ tí ará Elliott bá dì kò yí èsì padà níbì kankan. Níhìn-ín, ìbò ààrẹ kọ̀ọ̀kan láti Ìbàràpá tàbí Òkè-Ògùn ń wọ inú àpapọ̀ ti orílẹ̀-èdè, ìdá kan nínú mẹ́rin ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì ní ìtumọ̀ nínú òfin. Ẹni tó jókòó sílé ní Ṣakí dín nǹkan kù ní Àbújá ní tòótọ́.

Bákan náà, iye ìbò kì í dárúkọ ẹnikẹ́ni. Láàárín ọdún 2019 àti 2023, Alábùradà pàdánù ìbò ààrẹ 183,713 ní Ọ̀yọ́. Onígbálẹ̀ jèrè 84,655, Peter Obi ti ẹgbẹ́ Labour sì ní 99,110. Bí ẹ bá ro méjèèjì pọ̀, 183,765 ni, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ohun tí Alábùradà pàdánù dọ́gba rẹ́gí. Ó wuni láti sọ pé ó ti yé wa, pé a ti mọ ibi tí ìbò kọ̀ọ̀kan lọ. A kò mọ̀ ọ́n. Àwọn tó dìbò ní 2019 ti kú lára wọn, àwọn ọ̀dọ́ ti wọlé, àwọn tó sùn ní 2019 jí, àwọn tó jí sùn, ìṣirò náà kàn jọ bára mu ni. Ohun tí ìṣirò lè fi hàn ni ohun tí kò jọ pé ó ṣẹlẹ̀, bí àpẹẹrẹ pé kò jọ pé àwọn 529 tó fi Democrat sílẹ̀ ní Elliott ní ọdún 2008 lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ìbò tirẹ̀ kò gòkè ju 31 lọ.

Nítorí náà, nígbà tí èsì ìdìbò ààrẹ tó ń bọ̀ bá jáde, kì í ṣe orúkọ ẹni tó borí ní Ọ̀yọ́ ni mo máa kọ́kọ́ wò. Mo máa wo àpapọ̀ ìbò ní ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní Òkè-Ògùn, Ìbàràpá àti àwọn ìjọba ìbílẹ̀ ẹ̀yìn ìlú Ìbàdàn bíi Lágelú, Ìdó àti Ọ̀nà-Àrà, kí n fi wé ti ọdún 2015. Lẹ́yìn náà ni mo máa wo ẹgbẹ́ tó ń borí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, bóyá ìbò rẹ̀ dín láìjẹ́ pé ti alátakò rẹ̀ gòkè. Ìjọba ìbílẹ̀ tí mo bá ti rí èyí ni mo máa fi àmì sí fún ọdún 2031.